Ẹ Jẹ́ Ká Máa Rí Ìlú Tí A Ti Ń Rajà: Ọ̀rọ̀ Lórí Guangzhou

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwa tí a ń rajà láti Ṣáínà ni, pàápàá jù lọ láti ìlú Guangzhou. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá lọ kó aṣọ ní Kútọnu tàbí Lomé la ń pè ní arìnrìn-àjò láàárín wa. Lónìí, ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tó ń ta báàgì, ẹni tó ń ta àwo, ẹni tó ń ta irun, gbogbo wọn ló mọ orúkọ ìlú yẹn. Ẹni tí kò tíì lọ rí, ó ti fowó rán ẹlòmíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé báwo ni ìlú náà ṣe rí. Ohun tí yóò sọ fún yín kò ní ju mẹ́ta lọ: òtẹ́ẹ̀lì, ilé ọjà, àti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù sínú kọ́ńténà. Ó parí. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yẹn ń bá wa wí o.

Èrò tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò ní fara mọ́ ọn: ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń lọ sí Guangzhou, kó yọ ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ tí kò ní fi ra ohunkóhun. Kó fi wo ìlú, kó fi jẹ oúnjẹ wọn, kó fi mọ ìṣe wọn. Mi ò pe èyí ní fàájì. Ara òwò ni. Ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi, kí ẹ tó dá mi lóhùn.

ỌJÀ LÓ KỌ́ ÌLÚ NÁÀ

Guangzhou wà ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, lẹ́bàá odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Zhujiang. Òun ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Guangdong. Canton ni àwọn òyìnbó àtijọ́ ń pè é. Nígbà tí ìjọba wọn ka ènìyàn ní ọdún 2000, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tíì pé mílíọ̀nù 10. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2010, ó ti ju mílíọ̀nù 12 lọ. Ní 2020, ó ti ju mílíọ̀nù 18 àti ààbọ̀ lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láàárín ogún ọdún péré, ènìyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ ló tún kún ìlú kan ṣoṣo! Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn, ọdún 1997 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lónìí, ọ̀nà rẹ̀ ti gùn ju kìlómítà 600 lọ. Ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Canton Tower, tí wọ́n ṣí ní 2010, ọdún tí wọ́n gbàlejò eré ìdárayá gbogbo Éṣíà, gíga rẹ̀ tó mítà 600. Bí ẹ bá to Kòkó Háòsì Ìbàdàn márùn-ún léra wọn, kò tíì tó o.

Kí ló mú ìlú yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọba ńlá, nítorí olú ìlú àwọn ọba wọn jìnnà síbẹ̀ ní àríwá. Ọjà ni. Láti ọdún 1757 títí di 1842, àṣẹ ọba Ṣáínà ni pé àwọn òyìnbó tó bá gba orí òkun wá, Guangzhou nìkan ni kí wọ́n ti ṣòwò ní gbogbo ilẹ̀ náà. Tíì, sílíìkì, àwo tánganran, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà jáde. Òyìnbó kò sì lè bá ẹni tó bá ṣáà ti wù ú ná ọjà o. Àwọn oníṣòwò kan wà tí ìjọba fọwọ́ sí, Cohong ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ bá òyìnbó ṣe é. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti lágbára! Ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà nítorí opium, egbòogi olóró, ló fòpin sí ètò yẹn ní 1842.

Kí òyìnbó tó dé rárá, àwọn Lárúbáwá ti ń gba orí omi wá ṣòwò níbẹ̀. Ẹ̀yin Alhaja wa, mọ́ṣáláṣí kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Huaisheng, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà. Ilé gogoro tí wọ́n fi ń pe ìrun níbẹ̀ ga ní mítà 36. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Sa'd ibn Abi Waqqas, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábà Ànábì, ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìjọ Àgùdà náà, ẹ má rò pé a gbàgbé yín. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà ní òpópónà Yide tí wọ́n fi òkúta líle kọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ọdún 1863 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1888 ni wọ́n parí rẹ̀. Òpópónà Yide yìí kan náà ni ẹ óò ti rí àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ, edé gbígbẹ àti ìṣeré ọmọdé. Ẹni tó bá ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ nínú wa lè gbàdúrà tán, kó sọdá, kó sì béèrè iye tí wọ́n ń ta edé.

Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ṣe ọjà àfihàn ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Canton Fair, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, èkejì ní oṣù kẹwàá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọlọ́jà ló ni ìlú yìí látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni láyé bá wà tó yẹ kó wò ó dáadáa, àwa ọlọ́jà ni.

OHUN TÓ YẸ KÍ OJÚ RÍ

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí òpópónà Beijing, níbi tí mọ́tò kì í wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló kún ọ̀tún, òun ló kún òsì. Ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀nà náà ṣe, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n bá ọ̀nà mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ, wọ́n bá òmíràn. Ìpele ọ̀nà mọ́kànlá ni wọ́n bá tí wọ́n tò léra wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Wọn kò da kọnkéré bò ó. Gíláàsì ni wọ́n fi bò ó, kí ẹni tó ń kọjá lè máa wo ibi tí àwọn baba ńlá wọn rìn. Mo ti fi ojú mi rí i. Àwọn ọmọ ilé ìwé dúró yí i ká, wọ́n ń ka ìpele náà níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Ìlú tó ń yára dàgbà bẹ́ẹ̀ rí àyè fún ohun àtijọ́. Ní 1983, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sórí òkè kékeré kan, wọ́n kan ibojì ọba Nanyue kan tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ. Aṣọ tí wọ́n fi sin ọba náà, òkúta jéèdì wẹ́wẹ́ ni wọ́n rán pọ̀. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ tún ọjà kọ́, katapílà ni yóò kọ́kọ́ dé. Orúkọ ẹni tó dá ọjà sílẹ̀, ibi tí igi ọjà wà, ibi tí ìyá àgbà ń jókòó sí, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá tún pè wá sí ìpàdé lórí títún ọjà kọ́, ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa lè dìde kó sọ pé, "Mo ti rí ìlú tó tóbi ju tiwa lọ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀."

Ibòmíràn ni ilé ìdílé Chen, tí wọ́n parí ní 1894. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Chen káàkiri ìpínlẹ̀ Guangdong ló dá owó jọ kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ wọn tó bá wá ṣe ìdánwò ìjọba nínú ìlú lè rí ibi dé sí. Ẹ wo orí òrùlé rẹ̀: ẹranko, òdòdó, ènìyàn, gbogbo ìtàn àtijọ́ ni wọ́n fi amọ̀ ṣe síbẹ̀. Owó ìdáwó ló kọ́ ọ o, bí àjọ tí àwa náà ń dá.

Ẹ lọ sí ọgbà Yuexiu, ẹ wo ère àgbò márùn-ún. Ìtàn wọn ni pé nígbà kan tí ìyàn mú, àwọn ẹni ọ̀run márùn-ún gun àgbò wá, oníkálukú mú ṣírí ọkà dání. Wọ́n fi ọkà náà ta ìlú lọ́rẹ, wọ́n súre pé ebi kò ní pa á mọ́, wọ́n sì lọ. Àwọn àgbò náà di òkúta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki Guangzhou ní Ìlú Àgbò títí dòní. Ìlú tó ní oríkì ni, kì í ṣe ilé ìkẹ́rù lásán. Nínú ọgbà yẹn náà ni ilé alájà márùn-ún kan wà, Zhenhai, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ọdún 1380. Lálẹ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò, kí ẹ rí bí iná ṣe ń tàn lára àwọn ilé gíga lọ́tùn-ún lósì, tí Canton Tower ń pa àwọ̀ dà bí ọ̀gà.

ẸNU NÁÀ GBỌ́DỌ̀ MỌ ÌLÚ

Èyí gan-an ló máa ń dun mí. Ẹlòmíràn nínú wa á di gààrí, indomie àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì, á lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Guangzhou, kò ní fi oúnjẹ wọn kan ètè. Gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà ló sì gbà pé bí a bá ń sọ ti oúnjẹ jíjẹ, Guangzhou ni ká lọ!

Oúnjẹ àárọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní "yum cha", ìyẹn ni pé kí a mu tíì. Ṣùgbọ́n tíì nìkan kọ́. Àwọn àgbàlagbà wọn á ti jókòó sílé oúnjẹ láti ìdájí, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Wọ́n á gbé àwo oparun kéékèèké wá, tí ooru omi ṣì ń yọ lórí rẹ̀. Edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun funfun fẹ́lẹ́ wé ń bẹ níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì ká bí ẹní ń bẹ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ adìẹ tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ mọ́ínmọ́ín, ohun tí a fi ooru omi sè kò lè ṣàjèjì sí i.

Àṣà kan wà níbi tíì yìí tí mo fẹ́ràn. Bí ẹnì kan bá bu tíì fún ọ, ìka méjì ni wàá fi kan tábìlì kó kó, ìyẹn ni ẹ ṣeun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọba wọn kan, Qianlong, fi ara pamọ́ rin ìrìn àjò bíi mẹ̀kúnnù. Ó bu tíì fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò lè dọ̀bálẹ̀ fún un, kí àṣírí má baà tú. Ni wọ́n bá fi ìka dọ̀bálẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ ò rí nǹkan! Àwa tí a ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn, ta ló yẹ kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ yé ju àwa lọ? Bí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń ta bàtà fún yín, tó bu tíì, tí ẹ sì fi ìka kan tábìlì, ojú tí yóò fi wò yín yóò yàtọ̀. Bí tíì bá sì tán nínú ìkòkò, ẹ má pariwo. Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ń gbé omi gbígbóná kiri á rí i.

Wọ́n ní ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi dà bí ẹ̀kọ mímu, tí wọ́n fi ẹja tàbí ẹyin sí. Ẹni tí inú bá ń dà láàmú nínú ìrìn àjò, òun gan-an ni kó mu. Wọ́n ní ọbẹ̀ olómi tí wọ́n máa ń gbé ka iná jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí wọ́n fi egungun, gbòǹgbò àti èso gbígbẹ sè. Wọ́n ní adìẹ tí wọ́n bọ̀ lásán láìdín, tí wọ́n fi atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé jẹ. Kò ní ata bíi tiwa, òótọ́ ni. Ẹ mú ata yín dání, kò séèwọ̀.

Ohun tó máa ya yín lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń mu àgbo! "Leung cha" ni wọ́n ń pè é. Ewé àti egbò ni wọ́n sè, ó dúdú, ó korò bí ewúro. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, wọ́n á bù ú sínú kọ́ọ̀pù, wọ́n á ní ó ń lé ooru kúrò lára. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ojúlówó lẹ́kùúlẹ́jà wọn, ẹ lọ sí ọjà Qingping. Egbò, èèpo igi, alángbá gbígbẹ, ẹṣin omi gbígbẹ, wọ́n tò ó sínú àpò bí àwọn ìyá wa ṣe ń tò ó níbi. Ẹ sọdá sí Shamian lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, erékùṣù kékeré tí àwọn òyìnbó oníṣòwò kọ́lé sí nígbà náà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ igi. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ṣọ́ra, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, ó tún máa ń wà nínú ohun tí ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Ṣáínà fúnra wọn ní ilé oúnjẹ káàkiri ìlú, pàápàá ní agbègbè Xiaobei tí àwa ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Wọ́n á fa ìyẹ̀fun lójú yín títí á fi di òwú gígùn, wọ́n á sè é pẹ̀lú ẹran màlúù. Ẹ wá àkọlé hàlálì lójú ilẹ̀kùn, ẹ óò rí i.

ÌṢE WỌN KAN OWÓ WA

Èdè wọn jọ tiwa lọ́nà kan: ohùn ló ń gbé ìtumọ̀. Àwa ń pe ẹran ní àgbò, a sì ń pe oògùn inú ìkòkò ní àgbo. Àwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Mandarin tí gbogbo ilẹ̀ wọn ń sọ, "mai" ni rírà, "mai" náà ni títà. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀ kó tó gbéra sókè, rírà ni. Bí ó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títà ni. Òyìnbó máa ń làágùn lórí rẹ̀. Etí ọmọ Yorùbá ti gbọ́ irú rẹ̀ láti kékeré. Àwọn ọmọ Guangzhou sì tún ní èdè tiwọn, Cantonese. Bí ẹ bá sọ "m goi" nígbà tí ẹnì kan bá ṣe yín lóore kékeré, ẹ̀rín ni yóò bá yín rín.

Nọ́ńbà 8 ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí ó dún bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìlàjẹ́. Nọ́ńbà 4 ni wọ́n ń sá fún, ó dún bí ikú. Ẹ má fi aago ògiri ta oníbàárà yín lọ́rẹ, ó dún létí wọn bí ìgbà tí a ń sin òkú. Ẹ má gún igi ìjẹun ní òòró sínú ìrẹsì, ohun tí wọ́n ń ṣe fún òkú ló jọ. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ méjèèjì nawọ́ káàdì sí yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sí ìlú tí kò ní èèwọ̀.

Èyí tó kan owó jù ni ọdún tuntun wọn. Òṣùpá ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà ó lè bọ́ sí ọjọ́ èyíkéyìí láàárín ọjọ́ 21 oṣù kìíní sí ọjọ́ 20 oṣù kejì. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú rẹ̀, ọjà òdòdó máa ń tú yááyáá ní Guangzhou títí di òru. Gbogbo ilé á ra igi ọsàn wẹ́wẹ́ fún oríire. Ó dára lójú púpọ̀. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn máa ń padà sílé, tí ilé iṣẹ́ á sì tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí kò mọ ọdún wọn, tó wá san owó àsansílẹ̀ nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, yóò jókòó síbi títí oṣù kẹta, yóò máa pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Wọn kò lù ú ní jìbìtì. Ọdún ló dé. Ẹ ò rí i pé mímọ àṣà ju ìwòran lọ.

Ẹni tó bá sì ti mọ bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin wọn, tí owó rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti yuan 2, lè wọ̀ ọ́ dé Foshan, ìlú kejì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe táìlì àti àga. Láti ọdún 2010 ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti so ìlú méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ àti ẹni tó jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì dúró de alágbàtà, iye tí wọ́n máa rà á kò lè dọ́gba.

ÀWỌN TÍ KÒ FARA MỌ́ Ọ

Àwọn kan á ní, "Owó ọjà ni mo yá, kì í ṣe owó ìgbádùn." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbà Yuexiu, òpópónà Beijing àti Shamian, kò sí èyí tí ẹ óò sanwó kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Tí ẹ kò bá fẹ́ sanwó gun Canton Tower, ẹ dúró nísàlẹ̀ wò ó. Ohun tí ọjọ́ méjì máa ná yín ni owó òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Ẹ fi wé owó ẹrù kan ṣoṣo tó bàjẹ́ nítorí pé ẹ kò mọ ìlú.

Àwọn kan á tún sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní, "Ṣé àwọn tó lé wa sí títì ni ẹ ní ká lọ bá mu tíì?" Mi ò ní bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú jáde nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou yìí. Àwọn kan sun ìta. Ìjọba wa àti ti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn bá àwọn aṣojú Ṣáínà sọ ọ́ ní gbangba. Ó burú, kò sì yẹ ká gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí wọ́n lé.

Síbẹ̀, ẹ wò ó. A kò tíì dẹ́kun lílọ. Owó wa ń lọ, ẹrù ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí kàlékúlétọ̀ nìkan ni àwa àti wọn ti ń pàdé, àwa á tẹ nọ́ńbà, àwọn náà á tẹ nọ́ńbà, àpò owó la máa jẹ́ lójú wọn títí ayé, ọjà pọ́ọ́kú ni àwọn náà máa jẹ́ lójú wa. Ó rọrùn láti ti àpò owó síta. Ẹni tó ti bá ọ jẹun, tó mọ orúkọ rẹ, tó mọ iye ọmọ rẹ, ojú á tì í díẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò sọ pé tíì lè wo ìkórìíra sàn. Mo ní kí a má lọ síbẹ̀ bí afọ́jú.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kí ẹni mẹ́ta sí márùn-ún máa lọ pọ̀, kí wọ́n pawọ́ pọ̀ gba ògbifọ̀ kan ṣoṣo.

Ìkejì, ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ni kí ọjọ́ méjì náà wà, kì í ṣe ìparí. Ní ìparí, owó ti tán, ẹsẹ̀ ti wú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìlú ni yóò mọ iye tí nǹkan ń lọ kó tó tú àpò.

Ìkẹta, kí oníkálukú mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání nígbà gbogbo, kó gba káàdì òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí ní èdè Ṣáínà. Òfin wọn ní kí wọ́n forúkọ àlejò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń ṣe é. Ẹni tó bá dé sílé ènìyàn, kó rí i pé wọ́n ṣe é. WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. WeChat ni wọ́n ń lò, òun náà ni wọ́n fi ń sanwó. Ẹ ní kí ọmọ yín fi sórí fóònù yín kí ẹ tó gbéra.

Ìkẹrin, kí ẹni tó bá dé máa ròyìn nípàdé oṣù: ohun tó rí, ohun tó jẹ, iye tó rà á. Kí èmi akọ̀wé sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà máa bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹni tó bá ní òun dàgbà jù fún irú èyí, kó rántí pé àwọn àgbàlagbà Guangzhou ni wọ́n ń kọ́kọ́ jókòó sídìí tíì láàárọ̀. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, a óò tẹ̀ ẹ́ jáde. Àlọ wa á dára, àbọ̀ wa á sunwọ̀n. A ò ní rajà ìbànújẹ́ o. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́